Bàbá Tó Ń Kí Tẹlifíṣọ̀n Ní Pẹ̀lẹ́

Bàbá Àgbà kì í rí ẹni tó ṣubú kó má kí i. Ì báà jẹ́ ọmọdé tó fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ì báà jẹ́ òyìnbó tó yọ̀ lórí yìnyín níwájú ilé ìtajà ní Riverdale Park, ì báà sì jẹ́ ajá aládùúgbò tó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, "Pẹ̀lẹ́" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Títí débẹ̀, kò sí nǹkan tuntun. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ lójú rẹ tí o ò kí i, wọ́n á ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ò dáa. Ohun tó sọ ti Bàbá di ariwo ni pé ó ń kí àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà, bẹ́ẹ̀ eré tí wọ́n ń wò jù nílé ọmọ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, eré tí ènìyàn ti ń ṣubú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí à ń fẹsẹ̀ gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé èyí. Orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó bí orógbó ńlá. Ẹnì kan á jù ú, ẹlòmíràn á fọwọ́ gbà á, àwọn ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn á sì rọ́ lu ẹni tó gbé e dání títí wọ́n á fi wó o mọ́lẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá jókòó tì wá ní bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé Dádì Tóbi, wọ́n wó ẹni àkọ́kọ́. "Pẹ̀lẹ́ o," ni Bàbá wí. Wọ́n wó ẹnì kejì. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Wọ́n kó jọ lé ẹnì kẹta lórí. "Ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ̀yin èèyàn yìí. Pẹ̀lẹ́." Múfútàù, ọ̀rẹ́ Dádì Tóbi tó máa ń wá láti District Heights, rẹ́rìn-ín débi tí mínírà gba imú rẹ̀ jáde.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n máa ṣubú títí ilẹ̀ á fi ṣú o. Ṣé gbogbo wọn lẹ fẹ́ kí?"

Bàbá ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu ò rẹ̀ mí."

Dádì Tóbi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun sì ni àkọ́bí Bàbá Àgbà. Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú n'Ìbàdàn, òun ló lọ mú Bàbá wá sí Maryland, pé kó wá sinmi. Èmi ti wà níbí ṣáájú. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ní Route 1 ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kàwé lọ títí, nítorí náà kí ẹni tó bá ń wá àlàyé ìgbésí ayé Bàbá lẹ́sẹẹsẹ lọ bá Dádì Tóbi. Èyí tí mo mọ̀ ni mo kọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn gan-an sì ń rí mi lára.

Bésímẹ́ǹtì yẹn. Ẹni tí kò bá tíì wọ irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn àgbà ọkùnrin, àwọn tó ń ṣíwájú láti kírun, tí wọ́n sì ń bá tọkọtaya parí ìjà, á wọ ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ikùn wọn ò gbà sínú rẹ̀. Wọ́n á kó apá adìyẹ jọ bí òkìtì, wọ́n á máa tì í bọ ọbẹ̀ funfun kan tó ń rùn bíi wàrà tó ti bà. Ata á kùn wọ́n lọ́wọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, wọ́n á sì fi nu àga. Tí nǹkan bá bàjẹ́ fún wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, èyí tó bá já bọ́ nínú rẹ̀ á wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àpótí kékeré kan kó má baà tẹ egungun. Ìyá Tóbi bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá kí òun bu díẹ̀ fún un nínú oúnjẹ wọn. Ó ní, "Rárá o, ìyàwó mi. Mo ti wò ó, mo sì ti yó."

Tó bá di oṣù kìíní ọdún, ìdíje náà á dé ibi tí wọ́n ń pè ní pléọ́ọ̀fù. Ẹgbẹ́ tó bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ó di ilé nìyẹn, ó tún di ọdún mìíràn. Ìgbà yẹn ni gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀ máa ń di wòlíì. Ní mọ́ṣáláṣí, níbi iṣẹ́, ní ibi tí wọ́n ti ń gẹrun, gbogbo wọn ló mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Múfútàù á tẹ Dádì Tóbi láago láti àárọ̀, Dádì Tóbi á sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Dádì Tóbi, a máa lù wọ́n bí aṣọ òfì. Wọn ò ní mọ ọ̀nà ilé."

Bàbá á gbójú sókè níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ. "Sọ ìyókù."

"Ìyókù kí ni, Bàbá?"

"Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ. O ti sọ tìrẹ. Sọ ti Ọlọ́run."

"A máa lù wọ́n, ìnṣáálláhù."

"Ẹ̀hẹ́n. Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀, ojú ò ní tì ọ́ jù."

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ níwájú Bàbá láìfi Ọlọ́run kún un, bó ṣe máa dá a dúró nìyẹn. Ó ṣe é fún ọmọkùnrin òyìnbó kan tó ń pín lẹ́tà ní àdúgbò, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bá Dádì Tóbi jiyàn nípa bọ́ọ̀lù. Bàbá ò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ẹni tó ń sọ ọ̀la. Ó na ìka sókè, ó ní, "Káyọ̀dé, ní kó sọ ìyókù." Ọmọ náà béèrè ohun tí Bàbá wí. Dádì Tóbi ní, "Ó ń kí ẹ ni."

Ọ̀rọ̀ "àwa" ni Bàbá àti Múfútàù fi jà. Ẹgbẹ́ tiwọn borí lọ́jọ́ náà. Múfútàù, tó ti fẹ̀yìn ti àga láti ọ̀sán pẹ̀lú abọ́ lórí ikùn, mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, a sáré lónìí. Ó rẹ̀ wá."

Bàbá ní, "Ta ni ó rẹ̀?"

"Àwa. Ẹgbẹ́ wa."

"Ẹsẹ̀ ta ló ń ro?"

Múfútàù rò pé eré ni. "Bàbá, ẹsẹ̀ gbogbo wa ni."

"Tiwọn ló ń ro. Ikùn tìrẹ ló kún. Má fi ikùn rẹ gba ìkíni ẹsẹ̀ wọn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èyí ló dun Múfútàù. Kò dé ilé náà fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó padà wá, ó gbé èso dábínù lọ́wọ́ fún Bàbá, Bàbá sì gbà á, ó ní kó jókòó. Kò tọrọ gáfárà. Bàbá kì í tọrọ gáfárà fún òótọ́. Àléébù rẹ̀ kan nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́ torí pé ó ti kú.

Ó ní àwọn mìíràn. Ó máa ń pòṣé. Òṣé tirẹ̀ ní ìpele, èyí tí kò gùn wà fún oúnjẹ tó tutù, èyí tó gùn wà fún ọmọ tó pẹ́ dé, èyí tí kò lópin sì wà fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn yẹn máa ń wọ kóòtù, wọ́n á jókòó sí ìdí tábìlì bí adájọ́, wọ́n á sọ ẹni tó máa borí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún padà wá pẹ̀lú kóòtù mìíràn láti ṣàlàyé ìdí tí àwọn fi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá á bi mí pé, "Ṣé èyí tó parọ́ lánàá nìyí?" Màá ní òun ni. "Wọ́n sì tún fún un lága?" Òṣé á tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé kò rí ohun kan fẹ́ràn nínú eré náà. Ó fẹ́ràn ìgbà tí wọ́n bá pín in sí méjì tí gbogbo wọn wọlé lọ. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n lọ kírun ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìsinmi lásán ni, kó má fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín níwájú àwọn Múfútàù, ó ní, "Ṣé o lọ wò wọ́n níbẹ̀ ni?"

Awakọ̀ ni Bàbá nígbà ayé rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ ẹrù láti Ìbàdàn sí Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí mo bá gbé e nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ búréèkì tí kò sí níbẹ̀, á sì máa fọwọ́ yí jíà nínú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kan lórí Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí ìlú ká, mọ́tò dúró gbọnin-gbọnin nítorí ìjàǹbá kan wà níwájú. A dé ibẹ̀, mo rí i pé ọ̀nà ò dí rárá. Àwọn tó ń kọjá lọ ló ń rọra rìn kí wọ́n lè rí i dáadáa, àwọn kan tiẹ̀ na fóònù síta láti yà á. Èmi náà ti ń na ọrùn. Bàbá gbá mi lórúnkún. Ó ní ní ayé tàwọn, tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ á já ewé sílẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, kí ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà nílẹ̀. Ẹni tó bá rí ewé yẹn á dín eré kù, á kí ẹni náà, á bi í bóyá ó fẹ́ omi. Kò sí ẹni tó ń wò ó bí ìran. Mo ní ayé ti yí padà. Ó ní, "Àjàní, ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà ò sí lẹ́yìn rẹ. Iwájú rẹ ló wà."

Àjàní ni oríkì mi. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Lọ́dún kejì tó ti wà níbí, ẹgbẹ́ tí Dádì Tóbi ń ṣe fìdí rẹmi ní pléọ́ọ̀fù. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ọmọ tí wọn ò tíì pè ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ láti ọdún dé ọdún, tó jẹ́ "ọmọ wa" ni wọ́n ń pè é, ju ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tá ní ìgbẹ̀yìn. Mo rí àgbàlagbà tó bọ́ ẹ̀wù olórúkọ ọmọ náà lọ́rùn ara rẹ̀, tó fi nu ìdọ̀tí ilẹ̀. Mo rí ẹlòmíràn tó ń bú ìyá tó bí i. Wọ́n ní kí wọ́n lé e, kí wọ́n lé ẹni tó ń kọ́ wọn, kí wọ́n lé gbogbo wọn. Dádì Tóbi jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n sin Ìyá Àgbà, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Bàbá wò ó títí. Ó dìde, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Lánàá ọmọ yín ni. Ẹ̀yin ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù yìí.

Ní pléọ́ọ̀fù ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tí Dádì Tóbi kórìíra ń bọ̀ wá pàdé tiwọn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ọ̀hún kéré lọ́jọ́ orí, ó sì mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Múfútàù pè bó ṣe máa ń pè, ó bi Dádì Tóbi báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí ti ọmọ yẹn ṣe. Dádì Tóbi ń ro tíì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kán lónìí. Pákó ni wọ́n máa fi gbé e jáde."

Mo wo Bàbá, mò ń retí "Sọ ìyókù." Kò sọ ọ́. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Múfútàù, tó ti mọ́ lára, fi ẹ̀fẹ̀ béèrè lórí fóònù pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní kó sọ ìyókù ni?"

Bàbá ní, "Èyí ò ní ìyókù."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Àwọn méjì rọ́ lù ú láti ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà sí ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í yà sí. Bésímẹ́ǹtì bú sáriwo. Wọ́n fò sókè, wọ́n dì mọ́ra, Múfútàù ń pe Dádì Tóbi ní wòlíì, Dádì Tóbi na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń tún fi í hàn díẹ̀díẹ̀, kí ojú ẹni má baà fo ibi tí egungun ti yẹ̀. Múfútàù ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn kí àwọn wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá adìyẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì lè jẹ apá adìyẹ láti ọjọ́ yẹn.

Bàbá dìde. Ó rìn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí wa. Kò pariwo.

"Ẹ kí i."

Dádì Tóbi ní, "Ẹ kí ta ni, Bàbá?"

"Ẹ kí ọmọ ọlọ́mọ ní pẹ̀lẹ́."

Múfútàù ní, "Pẹ̀lẹ́ o," ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà sọ ọ́. Mo sọ ọ́ kíákíá, nítorí wọ́n ti ń gbé ọmọ náà jáde, mo sì fẹ́ kí Bàbá kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n kí n lè rí i. Bàbá mirí sí mi. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ́ ku Dádì Tóbi.

"Káyọ̀dé."

"Bàbá, tẹlifíṣọ̀n ò létí."

"Ìwọ létí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀ ń dójú tì mí níwájú àlejò nínú ilé mi."

Bàbá ní, "Ó dára. Ilé rẹ ni." Ó gun àtẹ̀gùn lọ. Kò jẹun alẹ́. Kò jẹun àárọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè mí níbi iṣẹ́, ó ní kí n wá gbé òun.

Báyìí ni Bàbá ṣe di ará Hyattsville, nínú ilé yàrá kan tí mò ń gbé. Mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì, mo ń sùn sórí àga. Kò bá Dádì Tóbi jà o. Tí Dádì Tóbi bá wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ Ìbàdàn, Bàbá á sì gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Oúnjẹ ilé Dádì Tóbi nìkan ni kì í jẹ. Ìyá Tóbi á se mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́, Bàbá á dúpẹ́ títí, á sì ní kí n gbé e fún obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Mo bi í ìdí rẹ̀. Mo ní, Bàbá, ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu Dádì Tóbi ló ṣẹ́ ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀ ni? Ó bínú sí mi. "Ṣé ọmọdé ni mí? Mi ò sọ pé òun ló ṣẹ́ ẹ. Mo ní ó kán, inú rẹ̀ dùn."

Lójoojúmọ́, Dádì Tóbi á pè mí níbi iṣẹ́.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, Dádì."

"Kí ló jẹ?"

Màá sọ fún un. Á ní, "Ó dáa," á sì pa fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn kí ọmọ náà ní pẹ̀lẹ́, kó parí. Ó ní, "Àgbà bí èmi ni wọ́n ní kó máa bẹ tẹlifíṣọ̀n? Tó bá jẹ́ òun ni mo ṣẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ tipẹ́." Ó sì dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ ọdún, ó wọlé pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó nà gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì mi tí mi ò tíì gbá, ó ní kí Bàbá foríji òun. Bàbá fọwọ́ kan án ní ẹ̀yìn. Ó ní, "Dìde, Káyọ̀dé. Èmi kọ́ ni mo ṣubú."

Ṣé ohun tó rọrùn tó báyìí ló yẹ kó pín bàbá àti ọmọ níyà? Mo máa ń bi ara mi. Nígbà mìíràn, Bàbá ni inú máa ń bí mi sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, màá rántí ẹ̀rín inú bésímẹ́ǹtì yẹn, àti àtẹ́wọ́ tèmi nínú rẹ̀.

Bí òtútù ọdún yìí ṣe dé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Wọ́n dá a dúró ní ilé ìwòsàn, wọ́n tún dá a sílẹ̀, dókítà ní kí a máa fún un ní ohun tó bá wù ú jẹ. Kò sí ohun tó wù ú. Mo sọ fún Dádì Tóbi. Lọ́jọ́ kejì, ó wá, ó gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé dání. Àsáró ni. Ìyá Tóbi wà lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sè é, èyí tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Iṣu ò tiẹ̀ fọ́ tán.

Bàbá wo abọ́ náà. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti kí i?"

"Mo ti kí i, Bàbá."

"Níbo?"

"Nínú mọ́tò. Bí mo ṣe ń bọ̀."

Bàbá ṣì ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọlọ́run á gbà á. Bu oúnjẹ wá." Dádì Tóbi bù ú fún un pẹ̀lú ṣíbí, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ.

Mo sin Dádì Tóbi dé ibi tó páàkì sí. Ó dúró ti mọ́tò, kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Mi ò kí i o. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo la ẹnu, ó ń tì mí lójú, èmi nìkan nínú mọ́tò." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Mo parọ́ fún bàbá mi tó ń kú lọ, nítorí bọ́ọ̀lù. Ara mi ń rí mi lára."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá jáde láyé. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, a kírun sí i lára, a sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ọjọ́ pléọ́ọ̀fù ni. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ apá adìyẹ nílé Dádì Tóbi wà níbẹ̀, ojú wọn sì wà nílẹ̀. Mo rò pé ẹ̀dùn ọkàn ni. Mo wá rí ìmọ́lẹ̀ fóònù lábẹ́ agbádá. Wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lé Bàbá lórí lọ́wọ́, ẹnì kan lẹ́yìn mi rọra wí pé, "A ti gba àmì ayò." Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Mo sọ fún ẹ." Kò sí ẹni tó pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni pé jẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀wọ̀. Mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu yẹ̀pẹ̀, kí n lè ní ohun tí mò ń ṣe.

Dádì Tóbi ló fẹ́ gbé mi padà. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín wa, Múfútàù ló ń kọ̀wé sí i. Ó pa á. Kò tíì tan mọ́tò.

"Lọ́jọ́ tí mo gbé àsáró wá," ó ní, "ṣé Bàbá mọ̀?"

Mo lè ní mi ò mọ̀. Ó ti sú mi láti máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sókè lọ́jọ́ yẹn, mo bá Bàbá tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́. Ó ti sọ̀rọ̀ kí n tó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ó mọ̀, Dádì. Ó ní, 'Kò kí i.'"

Dádì Tóbi gbé orí lé ọwọ́ ìwakọ̀. "Ó wá jẹ ẹ́."

"Mo bi í. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́. Ó ní, 'Àjàní, ebi Káyọ̀dé ló ń pa mí, kì í ṣe ti oúnjẹ.'"

Àwọn mọ́tò mìíràn ti ń jáde ní itẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yára, nítorí apá kejì bọ́ọ̀lù ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó jẹ ẹ́ tán?"

"Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kéré."